Èèpo Igi Ilé Ọdẹ́wálé

Ní ìlú kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ládùnńní. Ìyá Tọ́pẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ọpẹ́ kò kọjá orúkọ ọmọ náà nínú ilé yẹn. Àkànjí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì lawọ́ sí ìyàwó. Ó ra ibùsùn onísípírìn, ó ra rédíò, ó fa omi ẹ̀rọ wọ ọgbà. Nígbà tí sítóòfù oníkẹrosíìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde, tí àwọn obìnrin ṣì ń fẹ́ná tí omi ń dà lójú wọn, ó ra tiẹ̀ náà wálé.

Ẹlòmíràn ì bá máa jó. Ládùnńní kò jó. Ọjọ́ tí rédíò wọlé, ó ní ti ìyàwó ọ̀gá wọn tóbi jù ú lọ. Ọjọ́ tí sítóòfù dé, ó yí i po, ó yínmú, ó ní, “Olójú kan péré? Ṣé ẹ ò rí olójú méjì tí wọ́n gbé wá fún ìyá Rísì ni?” Omi ẹ̀rọ ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé, òun ń ka ilé tí tiwọn wọ inú yàrá. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló máa ń dán lójú rẹ̀.

Ògiri kan ló pààlà ilé wọn àti ti Ọdẹ́wálé aṣẹ́gità. Ìyàwó Ọdẹ́wálé ti ṣaláìsí, òun àti Aṣàbí ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kù. Igi gidi, títà ni wọ́n ń tà á. Èèpo tó bá bọ́ lára igi ni Aṣàbí ń ṣà jọ, tó ń sá sóòrùn, tó ń tò sábẹ́ àtíbàbà bí ẹni ń to aṣọ sínú àpótí. Òun ni wọ́n fi ń dáná. Bí iná bá ti ràn, bàbá á bẹ̀rẹ̀ àpárá, ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ọgbà á gbọ́.

Àkànjí bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó di àṣà. Yóò padà wálé pẹ̀lú òórùn èéfín lára àti ẹ̀rín lẹ́nu.

“Bàbá Tọ́pẹ́, kí lẹ ń wá lọ sílé aṣẹ́gità?”

“Àgbàdo sísun ni mo lọ jẹ.”

“Àgbàdo ò sí nílé yìí ni?”

“Ó wà,” ni Àkànjí wí. 

Áà! Ìdáhùn yìí gún Ládùnńní lọ́kàn. Aṣàbí ti tó wọlé ọkọ, ó dúdú, ó ń dán, eyín rẹ̀ funfun báláú. “Orogún ló ń bọ̀ yìí,” ni Ládùnńní ń sọ fún ara rẹ̀. “Èmi tí mò ń fi sítóòfù se ọbẹ̀! Ẹni tó ń fi èèpo dáná ni yóò gbọkọ mọ́ mi lọ́wọ́!” Bó bá ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà lẹ́yìn ògiri, ara rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tí wọ́n da ata sí. Owú jẹ ẹ́ títí, ọbẹ̀ ń jóná lórí iná, kò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ á kí i, kò ní gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣú. Ládùnńní ń se ọbẹ̀ níta nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ tó ń sáré gba ilé aṣẹ́gità lọ, kò tilẹ̀ yà sílé gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. “Ó tán! Òní ni màá ká wọn mọ́ ọn!” Ó so ọ̀já mọ́dìí, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀, ó gbá tẹ̀ lé e.

Ohun tó bá níbẹ̀ rèé: Ọdẹ́wálé wà lórí àtíbàbà, ó ń kan páànù tí atẹ́gùn ṣí, Àkànjí di àkàbà mú fún un, Aṣàbí ń sáré kó èèpo wọlé. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ní ń fi ojú owú ríran?

“Gbọkọgbọkọ! Ọwọ́ bà ọ́ lónìí!” Ládùnńní fi ẹsẹ̀ gbá òkìtì èèpo náà, ó fọ́n ká sínú ẹrẹ̀ òjò àná. “Èèpo lásánlàsàn! Ìdọ̀tí! Ṣé èyí náà lo fi ń fa ọkọ mi?”

Aṣàbí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tẹ èyí tó kù. Ohun tá a ní nìyẹn. Òun la ó fi se oúnjẹ bàbá mi.”

Ládùnńní kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ sọ ọ́ lójú mi! Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?”

Ọwọ́ Aṣàbí ni Àkànjí ń wò. “Ìyá Tọ́pẹ́, ọmọ ni mo ka ọmọ yìí sí. Mi ò wá ìyàwó wá síbí. Ìgbà wo ni mo ti ń ra nǹkan fún ọ? Mi ò tíì rí ẹyọ kan tó o nù báyìí rí.”

 Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọdẹ́wálé ló fọhùn láti òkè:

“Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré lọ gbé sítóòfù yín wọlé. Mò ń wò ó láti ibí, òjò ń pa á.”

Ládùnńní sáré. Omi ti kún inú rẹ̀, iná ti kú. Ó sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀, ó gbé sítóòfù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ó ń sunkún.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin kan ládùúgbò bá ti ń ráhùn nítorí ohun tí ẹlòmíràn ní, wọ́n á ní kó lọ wo Aṣàbí. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ohun tí a ní là ń náání; ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.