Bí Ẹni Tí Wọ́n Ta Lulẹ̀ Ṣe Di Ẹni Tó Ń Dìde Padà Sínú Eré

Kí ló dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú eré tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń yìnbọn lu ara wọn? Bí ẹ bá bi Àwẹ̀ró, ìyá ọ̀kẹ́rẹ́, ní ìbéèrè yìí lónìí, á kàn ju ìrù ni, á ní, "Ẹ má bi mí. Èmi náà ṣì ń rò ó." Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló tún eré náà ṣe.

Nígbà láéláé, nígbà tí ìdí ọ̀bọ ṣì dúdú bí ojú rẹ̀, tí ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sì í pariwo lórí igi, àwọn ẹranko máa ń pín ara wọn sí ẹgbẹ́ méjì, wọn á ṣeré ìbọn lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni ìbọn wọn, torí pé ihò wà nínú rẹ̀. Èso ọ̀pọ̀tọ́ tó ti pọ́n rọ̀ ni ọta. Wọn á ki èso bọnú ọ̀pá, wọn á fẹnu fẹ́ ẹ, fíìn! Ẹni tí ọta bá bà, omi èso á tú sí i lára, á pupa fòò.

Òfin kan ló wà nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá ti ta, ó ti kú nínú eré nìyẹn. Á dùbúlẹ̀ síbi tó ṣubú sí, kò gbọdọ̀ mira, kò gbọdọ̀ fọhùn, títí oòrùn á fi wọ̀. Ọ̀bọ ló ṣòfin náà. Òun ni olórí eré, òun náà ló sì mọ ìbọn í ta jù.

Kí ìrì tó gbẹ lára koríko, àwọn kéékèèké á ti wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, èèrà á máa rìn lójú wọn. Ọ̀bọ nìkan á wá máa yan kiri láàárín wọn.

"Ṣé kò tún sí ọkùnrin kankan mọ́ ni?" á ní. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Òkú ni wọ́n.

Ọmọ mẹ́ta ni Àwẹ̀ró bí. Àwòdì ti gbé méjì lọ, ìdí nìyẹn tó fi sọ ẹni tó kù ní Kúmápàyí. Kì í jẹ́ kó kúrò lójú òun. Bí ewé já bọ́, á ní, "Kúmápàyí dà?" Bí ọmọ náà sín, á fọwọ́ kàn án níwájú orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kúmápàyí gbé ọ̀pá ìbẹ́pẹ kọ́ èjìká.

"Níbo nìyẹn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màámi, eré ni. Òkété ní kí n wá ṣe ti àwọn."

"Eré ìbọn? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Màámi, èso ni, kì í ṣe òkúta."

"Àwòdì ńkọ́? Ṣé èso lòun náà?"

Ọmọ náà dorí kodò. "Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń lọ, Màámi. Wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọ-abẹ́-ìrù."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àwẹ̀ró. Ó jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n kò lè jókòó sílé. Ó gba orí igi tẹ̀lé e, ó sì fara pamọ́ sáàárín ewé ọ̀pọ̀tọ́.

Ohun tó rí láti òkè yà á lẹ́nu. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú pápá náà. Gbangba wà, ẹsẹ̀ ń yá níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń rí ọ. Inú koríko wà, ẹni tó bá ní sùúrù ló ni ín. Ihò Òkété náà wà, ó ṣókùnkùn biribiri, àmọ́ ẹ̀yìn ọ̀tá gan-an ló já sí. Ehoro tó mọ̀ ọ́n sá ń fara han ní gbangba kí wọ́n lè máa wo òun. Òkété tí kò lè sáré ń gba abẹ́ ilẹ̀ bọ̀. Kúmápàyí bín-ń-tín wà lórí kùkùté, ó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀tá wà. Kò sẹ́ni tí kò wúlò.

Àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn! Koríko á mì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni tàbí Ọ̀bọ. Àyà Àwẹ̀ró ń lù kìkìkì. Ó wá ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu òun.

"Ẹ̀yìn rẹ!" Ó fẹ́ẹ̀ pariwo, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

Fíìn!

Kúmápàyí já bọ́ láti orí kùkùté. Ara rẹ̀ pupa.

Àwẹ̀ró kò rántí èso mọ́. "Yé! Ọmọ mi o!" Ó bẹ́ sílẹ̀, ó ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó wọ àárín eré. Ó gbá ọmọ mú, ó gbé e sá lọ sí ìdí igi níbi tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ eré, ó ń lá a lójú, létí, láyà. Ìgbà tó lá a dé ọrùn ló tó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́nu òun dùn.

Kúmápàyí ń gbọ̀n, ó dì mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màámi, mo ti kú o. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ta ló kú?"

"Nínú eré ni."

"Nínú eré náà! N kò sọ ọ́ ní Kúmápàyí kí o wá máa kú kiri lójú mi. Wò ó, ara rẹ ti mọ́. Ó yá, dìde."

Ọmọ náà wo ara rẹ̀. Lóòótọ́, kò sí pupa kankan mọ́. Ó mú ìbọn rẹ̀, ó yí gba inú koríko, ó sì ta Ọ̀bọ lẹ́yìn. Fíìn! Ó tún un ta. Ìdí ni èyí bà.

"Ọ̀jóró!" Ọ̀bọ ké. "Ṣebí ọmọ yìí ti kú!"

"Màámi ti wẹ̀ mí!"

Kíá, gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ dìde, ariwo sọ. "Ìyá Kúmápàyí, ẹ wẹ èmi náà!" "Èmi ni mo kọ́kọ́ kú o!" "Má tì mí!"

Ọ̀bọ fẹsẹ̀ janlẹ̀. "Bí òkú bá ń dìde, ta ni mo wá borí? Ìwọ obìnrin yìí, o ti ba eré jẹ́!"

"Ẹ má bínú, bàbá," Àwẹ̀ró ní. "Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ti dùbúlẹ̀, ta lẹ ń bá ṣeré?"



"Àti pé ẹ̀yin náà ti kú, bàbá," Òkété sọ láti ẹnu ihò. "Ẹ dùbúlẹ̀."

Òfin rẹ̀ ni. Ó dùbúlẹ̀. Àwẹ̀ró wẹ àwọn yòókù, eré sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bọ ń gbọ́ ẹ̀rín, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Èèrà kan wọ imú rẹ̀. Òmíràn wọ etí.

"Ìyá Kúmápàyí," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Màá wẹ̀ yín bí òfin bá yí padà. Kí ẹni tó ṣubú padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó wẹ̀, kó dìde. Ẹgbẹ́ tó bá ta èèyàn jù kí oòrùn tó wọ̀ ló borí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dákẹ́ mọ́. Kí wọ́n máa pe orúkọ ara wọn, kí n lè máa gbọ́ ohùn ọmọ mi."

"Mo gbà! Mo gbà! Èèrà o!"

Ó wẹ̀ ẹ́ lórí, ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dúró. "Ibẹ̀ yẹn, bàbá, ẹ gbé e lọ bá ìyàwó yín."

Ṣùgbọ́n eré ti dùn kọjá kí Ọ̀bọ ráyè délé.

Láti ọjọ́ náà ni ìdí ọ̀bọ ti pupa. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń ju ìrù, tó ń pariwo lórí igi, tó ń sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ọmọ aráyé sì gbé eré náà sínú fóònù, òfin Àwẹ̀ró ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ta lulẹ̀ á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á dìde, ara rẹ̀ á mọ́. Ọmọ tó wà ní Ṣakí á máa ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkìrun, tí wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí, "Ẹ̀yìn rẹ! Ẹ̀yìn rẹ!"

Ó pẹ́ gan-an, ìgbà tí Kúmápàyí ti bí tirẹ̀, kó tó sọ ohun kan fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣubú lẹ́bàá kùkùté, tó dojú sókè, Àwòdì wà lórí ọ̀pẹ kan, òun Kúmápàyí gan-an ló ń wò.

Kúmápàyí rí i kí ìyá rẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀. Ó sì dákẹ́, kò mira, torí pé òfin eré ni.