Ẹni Tí Ó Tọrọ Mọ́tò Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ọkùnrin kan wà ní Ìlá, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí mọ́tò rẹ̀ kò lọ sí ibì kankan mọ́. Pijó ni mọ́tò náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ rà á nígbà tí àwọn ọmọ wọn ṣì kéré. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ mẹ́rin ti ń jìjàdù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, òun náà ni wọ́n fi gbé àbíkẹ́yìn wálé láti ọsibítù. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n tú ká. Ìyàwó kú. Ojú bàbá wá di bàìbàì, dókítà sì ní kó má wa mọ́tò mọ́.

Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, yóò fọ mọ́tò náà, yóò tan án, yóò jókòó sí àyè awakọ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná, yóò sì tún pa á. Kò sọ ohun tó ń rò níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí.

Ilé kan wà nínú ìlú náà tí àwọn ìjọ mélòó kan dá sílẹ̀ fún àwọn arúgbó tí kò ní alábòójútó. Nọ́ọ̀sì kan ni olórí ibẹ̀. Wọn kò ní mọ́tò. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ọsibítù, ẹnìkan á sì jókòó sẹ́yìn láti dì wọ́n mú kí wọ́n má baà ṣubú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ nípa Pijó yìí, ó wá kí bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mọ́tò yìí ta wá lọ́rẹ."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kí n rò ó wò."

Oṣù kan kọjá, ó tún wá. Bàbá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún wọn, wọ́n sì ti gbà. Èyí tó dàgbà jù tiẹ̀ sọ lórí fóònù pé inú Màmá yóò dùn sí i. Bàbá kì í ṣe ahun. Ó kàn ń ṣe é bíi pé bí mọ́tò náà bá jáde ní géètì, ìyàwó òun yóò tún kú lẹ́ẹ̀kejì ni.

Lọ́jọ́ Ajé kan tí òjò rọ̀, nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ rìn wá, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Inú bí bàbá. "Ṣé kò sí ẹlòmíràn ní ìlú yìí ni?"

"Ó wà, Bàbá. Wọ́n ti lé wa. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò tíì lé wa, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi padà wá." Ó wá sọ ohun tí kò sọ tẹ́lẹ̀. "Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù ú kù, ó wà ní abúlé, ara rẹ̀ kò sì yá. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Egungun ìbàdí màmá ti ṣẹ́ rí, kò lè gun ọ̀kadà. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ìgbà wo."

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ àti ìwé mọ́tò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Nọ́ọ̀sì kò fà á. Ó kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì dúró títí bàbá fi gbé e lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí Sátidé dé, kò sí ohun tí bàbá yóò fọ̀. Ó ní òun yóò lọ wo bí wọ́n ṣe ń lo mọ́tò òun. Ká sọ òótọ́, ẹ̀bi wọn ló lọ wá. Ó sì rí i: ẹrẹ̀ ti bo Pijó dé ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ pariwo, ni arúgbó obìnrin kan bá ké sí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ìwọ lo ni mọ́tò yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Wá jókòó tì mí. Wọ́n gbé mi dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní láti àárọ̀ ni kò ti dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo ní, 'Àbẹ̀jẹ́.' Ó lajú. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mà pẹ́ o.' A sọ̀rọ̀, a rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi. Àná ni wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti kú." Ó di ọwọ́ bàbá mú. "Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó kù nílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. Ọlọ́run yóò ṣe é fún ọ."

Bàbá ka ọjọ́ nínú ara rẹ̀. Ajé ló fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, Ẹtì ni àbúrò màmá náà kú. Ó dìde, ó lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sì ṣí fìlà.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Bàbá, a ò mọ bí a ṣe máa dúpẹ́."

"Dìde, ọmọ mi. Èmi ni mo jẹ ọ́ lọ́pẹ́. O wá lẹ́ẹ̀kan, mo dá ọ padà. O wá lẹ́ẹ̀kejì, mo purọ́ fún ọ. Ká ní o kò wá lẹ́ẹ̀kẹta ni, mọ́tò ni ǹ bá ṣì máa fọ̀ nígbà tí wọ́n ń sin àbúrò màmá yẹn. O ṣeun tí ọ̀rọ̀ mi kò sú ọ."

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, o ráhùn sí mi lánàá pé àwọn tó ń tọrọ nǹkan yẹn tún ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ, pé ojú kò tì wọ́n. Má bá wọn bínú. Ohun tó jókòó lásán lọ́dọ̀ rẹ, ẹnìkan ń bèèrè ìgbà tí yóò dé, o kò sì mọ iye ọjọ́ tó kù fún onítọ̀hún. Bí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ pé ẹ ṣeun.