Àpáàdì Àwẹ̀ró Lára Igi Obì

Bí aṣọ bo egbò, egbò kò tíì jinná.
Bí ewé bo kòtò, kòtò kò tíì dí.
Àwọn awo méjèèjì yìí ni wọ́n dífá fún Òkédìran, olóko obì, ní ọjọ́ tí ìtìjú gbèsè fẹ́ lé e kúrò nílé.

Òkédìran kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbin obì rẹ̀. Aya kan ni ó ní, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ìkòkò ni Àwẹ̀ró ń mọ.

Nígbà tí Àwẹ̀ró bímọ, ó kù díẹ̀ kí ó bá ìkúnlẹ̀ lọ. Kò mọ ẹni tí ó wọlé, kò mọ ẹni tí ó jáde. Òkédìran wá oníṣègùn káàkiri. Ó yá owó lọ́wọ́ Olówófóyèkù, ọlọ́rọ̀ ìlú, ó fi san owó ìtọ́jú. Àwẹ̀ró dìde. Dúrójayé, ọmọ rẹ̀, náà yè. Nígbà tí Àwẹ̀ró béèrè ibi tí owó ti wá, ọkọ rẹ̀ ní obì ni òun tà.

Lẹ́yìn náà, obì kò so. Ọdún yí po, kò so. Àdéhùn kọjá. Òkédìran mọ̀ pé Olówófóyèkù yóò gbẹ́sẹ̀ lé oko, òun alára yóò sì lọ máa sìn ín ní ìwọ̀fà. Ó tọ àwọn awo lọ.

Wọ́n ní kí ó fi ẹyẹlé rúbọ, kí ó fi epo àti obì kún un. Wọ́n ní ìdajì ẹbọ náà kù, ẹnu ni yóò fi rú u. Kí ó sọ òótọ́ gbèsè náà fún aya rẹ̀. Kí ó má sì ṣe sọ aya náà di ibi ìpamọ́.

Òkédìran rú ti ẹyẹlé. Ó rú ti epo àti ti obì. Ti ẹnu ni kò rú. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí ó rú u. Ṣùgbọ́n Èṣù kì í béèrè ìdí tí ẹbọ fi dín.

Òkédìran lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ṣa àpáàdì ìkòkò Àwẹ̀ró. Ẹ mọ̀ pé olúkúlùkù ní àálè tirẹ̀, àmì tí ó ń so mọ́ nǹkan rẹ̀ kí olè má bàa fọwọ́ kàn án. Ìkarahun ìgbín ni ti Òkédìran. Àpáàdì ni ti Àwẹ̀ró, òun ni ó so mọ́ ọgbà ilá rẹ̀. Òkédìran tú ìkarahun kúrò lára igi obì, ó so àpáàdì rọ́pò. Ó sọ fún àwọn tí oko wọn bá a pààlà pé òun ti fi oko ta aya òun lọ́rẹ. Ó mọ̀ pé gbèsè ọkọ kì í kan ohun tí ó jẹ́ ti aya. Kò sọ fún Àwẹ̀ró.

Olówófóyèkù rán ológò sí i. Ológò ni ẹni tí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí í jẹ oúnjẹ rẹ̀, tí í sì í bú u títí yóò fi san. Àjàgbé ni orúkọ eléyìí. Òkédìran sọ fún aya rẹ̀ pé gbèsè ọkọ́ àti àdá ni.

Àjàgbé nàka sí ewúrẹ́. Òkédìran ní ti ìyàwó òun ni. Ó nàka sí adìẹ. Ti ìyàwó ni. Ó béèrè oko obì. Ti ìyàwó ni.

"Ìwọ alára ńkọ́? Ta ni ó ni ọ́?"

Àwẹ̀ró dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Èmi ni mo ni ín. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Àjàgbé rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ìyàwó, ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀. Àbí iyọ̀ nìkan ni ọkọ rẹ kò tíì fún ọ?"

Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni ọkọ òun ń bá ológò ṣe.

Àjàgbé ròyìn fún Olówófóyèkù, ẹ̀fẹ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Gbogbo wọn sì lọ sí oko. Olówófóyèkù fọwọ́ kan àpáàdì kan. Ó ní, "Ohun tí ọkọ fún aya kí gbèsè tó wọlé, ẹ̀bùn ni. Èyí tí ó fún un lẹ́yìn gbèsè, ìbora ni."

Baálẹ̀ kọjú sí Àwẹ̀ró. Ó ní a kì í so àálè láìsọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó so èyí, kí ó pe ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá pè é, oko di tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á.

Àwẹ̀ró wo àpáàdì. Ó mọ ìkòkò rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni Òkédìran ń wò. Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró sọ sí àálè ọgbà ilá rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò pè é. Ó béèrè lọ́wọ́ Olówófóyèkù ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

"Ìwọ ni," ni Olówófóyèkù wí. "Owó àwọn oníṣègùn rẹ ni. Ṣé kò sọ fún ọ ni?"

Àwẹ̀ró yíjú sí Baálẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Baálẹ̀, igi yìí kì í ṣe tèmi. N kò gbìn ín, n kò sì so àálè mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbèsè náà, tèmi ni. Èmi àti ọkọ mi ni yóò jọ san án."

Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi sọ. Òkédìran ní, "N kò fẹ́ kí o máa wo ara rẹ bí ohun tí a fi gbèsè rà."

"Baba Dúrójayé," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ rà mí lọ́wọ́ ikú, ẹ ò tilẹ̀ ná ọjà."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Olówófóyèkù náà ní aya nílé. Ó ní kí ológò máa bọ̀. Ó ní òun kò gba oko mọ́, òun kò sì mú ẹnikẹ́ni ní ìwọ̀fà. Bí obì bá so, kí wọ́n máa fún òun ní ìdajì títí gbèsè yóò fi tán. Àwẹ̀ró ní òun yóò máa fi owó ìkòkò kún un.

Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí Òkédìran tú àwọn àpáàdì náà. Àwẹ̀ró bá a tú u. Bí wọ́n ti ń tú u ni Òkédìran ń sọ ohun gbogbo fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹbọ ṣe pé.

Obì so. Wọ́n san gbèsè náà tán. Òkédìran lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo rẹ̀, àwọn awo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Òkédìran ní ẹbọ tí òun fi sílẹ̀ ni ó fẹ́ ba òun jẹ́, ẹbọ náà ni ó sì gba òun là nígbà tí ó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, bí wọ́n bá ní kí ẹ rúbọ, ẹ rú u pé. Ti ẹnu kò ná ènìyàn ní nǹkan kan, òun ni ó sì ṣòro jù. Ẹni tí ó bá gba ìmọ̀ràn, tí ó rú ẹbọ rẹ̀ dé òpin, ire yóò bá a nílé, kò sì ní dá nìkan gbé ẹrù rẹ̀.