Owú Adétòún àti Abẹ́rẹ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta-Mẹ́ta

Ọkọ Adétòún ń sàn, inú Adétòún sì ń bàjẹ́ sí i. Ìyọnu tó gbé e wá sọ́dọ̀ èmi babaláwo ní Ìjẹ̀bú-Igbó nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Odùbánjọ, ọkọ rẹ̀, ń la pákó ní sọ́míìlì. Kó lè máa ṣiṣẹ́ láìsinmi ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fa áìsì, egbòogi olóró tó ń dán bí yìnyín. Ọdún márùn-ún ló fi fà á. Eyín rẹ̀ jẹrà. Á wà lójúfò fún ọjọ́ mẹ́rin, á máa bá ògiri jà. Adétòún bẹ̀ ẹ́ títí, ó kó àgbà bá a, kò gbọ́. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí Adétòún wá bá mi ni Odùbánjọ dé ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ìdíàtù bá a sọ̀rọ̀, tó sì gbọ́.

“Bàbá, ọdún márùn-ún ni mo fi bẹ̀ ẹ́,” ni Adétòún wí. “Ìyẹn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti pé, ọkọ mi á fá irùngbọ̀n, á lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló fi sínú abẹ́rẹ́ náà?”

“Kí ni dókítà sọ fún yín?”

“Ó ní kò tíì sí oògùn tó dájú fún áìsì. Pé abẹ́rẹ́ yìí àti oògùn oníhóró àràárọ̀, tí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀, máa ń bá àwọn kan dín òòfà rẹ̀ kù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Ifá. Ifá ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì mọ́, ṣùgbọ́n kí Adétòún rúbọ.

“Má wulẹ̀ wá ewúrẹ́,” ni mo wí. “Owú rẹ ni kí o gbé kalẹ̀. Bá a lọ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, jókòó tì í. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa bu omi tí yóò fi lo oògùn láràárọ̀.”

“Kí n lọ kí ẹni tó gba ọkọ mi?”

Ó dìde, kò rúbọ. Nígbà tó délé, ó da hóró oògùn sínú ṣáláńgá. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Ìdíàtù ránṣẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti oògùn ti tán, kó dúró dìgbà tí wọ́n bá pè é. Odùbánjọ gbà á gbọ́. Fún bí ọjọ́ mélòó kan, inú obìnrin náà dùn; ọkọ rẹ̀ jókòó tì í nílé, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí Odùbánjọ fi padà sídìí áìsì. Ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láìsùn. Ayùn gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀lé e jábọ́.

Ní ọsibítù, Ìdíàtù sáré wá. “A ti ń retí yín,” ló wí. “Kí ló dé tí ẹ ò wá?”

“Ẹ ní oògùn ti tán.”

“Èmi kò ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Odùbánjọ wo ìyàwó rẹ̀.

Adétòún padà wá bá mi. “Bàbá, ṣé ẹbọ yẹn ṣì ṣeé rú?”

“Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́.”

Ó rú u. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ní ńṣe ni owú ń jó òun láyà bí ó ti ń wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà lára ọkọ òun. Kò dìde. Ó bi Ìdíàtù bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà, ìyẹn sì kọ́ ọ. Odùbánjọ tún ṣubú sídìí áìsì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún jọ padà lọ. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí kò fa áìsì.

Nínú ìtàn Ifá tí a bá lẹ́nu àwọn baba wa, ẹni méjì ni àwọn tó wá dáfá sábà máa ń jẹ́: ọ̀kan gbọ́ ẹbọ, ó rú u, èkejì pe awo ní òpùrọ́. Nínú èyí, Adétòún nìkan ni àwọn méjèèjì. Adétòún tó rúbọ ń sùn nínú ilé tó tòrò. Adétòún tó kọ ẹbọ ló ń bá ọkọ rẹ̀ de bọ́tìnnì ẹ̀wù láràárọ̀.