Ọjọ́ Tí Akínlúyì Padà Sójú Ìjà

Akínlúyì ará Ìlápó kì í ṣe ènìyàn gíga, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ewé kókò. Nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, bí ó bá na ẹ̀ṣẹ́ sí ènìyàn, onítọ̀hún kì í rí i. Orí ilẹ̀ ni yóò ti máa béèrè ohun tó kọlù ú. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni gbogbo ayé ń pè é. Orúkọ náà mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi rò pé òun ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ.

Odò kan ló pààlà láàárín Ìlápó àti Òkè-Ìsàn, èbúté kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ sí. Àwọn baba ńlá ìlú méjèèjì ti bá ara wọn jà lórí rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n fi ọgbọ́n parí ọ̀rọ̀: lọ́dọọdún, bí odò bá ti fà tí iyanrìn etídò gbẹ, kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú akọni kan jáde kí àwọn méjèèjì kan ẹ̀ṣẹ́. Ìlú tí akọni rẹ̀ bá borí ni yóò ni èbúté títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìlú tó bá sì pàdánù yóò da aṣọ òfì tuntun bo akọni tó borí náà léjìká.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Akínlúyì fi jà fún Ìlápó. Nígbà tí ewú gba orí rẹ̀, ó fi ìjà sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jọlásùn, ó sì gba oko lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, bí ọjọ́ ìjà ti ń súnmọ́lé, Jọlásùn já bọ́ lórí ọ̀pẹ, apá rẹ̀ sì kán. Kò sí ẹlòmíràn ní Ìlápó tó lè dúró níwájú ẹni tí Òkè-Ìsàn fẹ́ mú wá. Ṣówándé ni orúkọ ọmọ náà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún ni, agbára rẹ̀ wà ní góńgó, kò sì sí ìlú tó lọ tí kò ti gba aṣọ bọ̀.

Baálẹ̀ Ìlápó fúnra rẹ̀ ló wá bá Akínlúyì nílé.

"Akínlúyì, mo mọ̀ pé o ti sinmi. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ẹni mú jáde, a ti fi ọwọ́ ara wa gbé èbúté fún wọn nìyẹn."

Kí Akínlúyì tó lanu, ìyàwó rẹ̀ Àwẹ̀ró ti fèsì láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀wọ́, Baálẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ mi kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, kí ó tó nàró tán, ọbẹ̀ mi á ti hó."

Akínlúyì rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni Àwẹ̀ró sọ. Eékún mi kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ránṣẹ́ sí wọn pé mò ń bọ̀, Baálẹ̀. Wọn kò ní tìtorí pé mo darúgbó gba èbúté tí mo fi eyín iwájú mi rà."

Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ọ̀nà oko, bí ó ti máa ń ṣe láyé àtijọ́. Kò tíì dé ibi igi ìrókò tí èémí rẹ̀ fi gé. Ohun tó tiẹ̀ dùn ún jù ni pé ojú rẹ̀ kò tíì kú: ó ṣì ń rí ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ lọ, ó ṣì mọ ìgbà tí ó yẹ kí apá jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá rán ara níṣẹ́, ara a máa pẹ́ kó tó dáhùn, bí ẹrú tí etí rẹ̀ ti di. Ó rọra rìn dé abẹ́ igi náà, ó jókòó, ó ronú títí. Nígbà tí ó dìde, kò sáré mọ́. "N kò lè lé ọmọ yẹn," ó sọ fún Àwẹ̀ró nígbà tó délé. "Ó di kí n dúró kí òun wá bá mi."

Ọjọ́ pé. Èrò ìlú méjèèjì kún etídò bámúbámú. Ṣówándé yọ pẹ̀lú orin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ru ẹrù aṣọ tẹ̀lé e. Wọ́n tẹ́ wọn sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn: sányán, àlàárì, etù, oríṣiríṣi. Ó wá kí Akínlúyì níbi tó jókòó sí.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Wọ́n ní aṣọ yín pọ̀. Ẹ wo tèmi náà. Ṣé tiyín jù ú lọ?"

Akínlúyì wo aṣọ náà láti orí dé ìdí okùn. Ọmọ náà kò parọ́. Aṣọ rẹ̀ tó tirẹ̀. "Aṣọ rẹ dára, ọmọ mi," ni ó wí. "Wàá wọ̀ ọ́ gbó."

Òfin ìjà náà ni pé a kì í kan ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ kó má bàa ṣe ẹnì kejì léṣe. Ṣówándé fa etù tuntun kan ya, ó fi di ọwọ́ méjèèjì, gbogbo ará Òkè-Ìsàn sì hó yè. Ní ìhà kejì, Àwẹ̀ró ṣí agbọ̀n kan, ó kó àkísà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n di ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Bàbá Agbájé, àgbàlagbà ará Ìmọ́kùn tí ìlú méjèèjì fi ṣe adájọ́, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ká má parọ́, Ṣówándé mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn. Kí Akínlúyì tó gbá ti òsì dànù, ti ọ̀tún ti dé. Ó ṣubú, ó dìde. Ó tún ṣubú, eékún rẹ̀ wú, síbẹ̀ ó dìde. Ṣùgbọ́n bí òógùn ti ń rin aṣọ ọwọ́ Ṣówándé ni ó ń tú, tí ó sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Agbájé dá ìjà dúró kí ó tún un dì. Ó tún un dì, ó tún tú. Wọ́n ya aṣọ mìíràn fún un. Èyí le gbandi, kò tilẹ̀ gbà kí a ta á ní kókó.

"Aṣọ tuntun kì í di ọwọ́," ni Bàbá Agbájé wí. "Ẹ fún un ní àkísà."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ṣówándé tú gbogbo ẹrù palẹ̀. Aṣọ ni, aṣọ ni. Wọn kò rí àkísà kan níbẹ̀, aṣọ iyì sì ni gbogbo ará ìlú wọn náà wọ̀ wá.

"Bí kò bá rí ohun tí yóò fi di ọwọ́, a jẹ́ pé ó ti pàdánù," ni Bàbá Agbájé wí. Ariwo ayọ̀ sọ láàárín àwọn ará Ìlápó. Wọ́n ti ń sáré bọ̀ wá gbé Akínlúyì sókè.

Akínlúyì na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n dúró. Ó mọ bí eékún òun ti rí. Ó mọ̀ pé bí ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀, òun lè máà dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan nínú rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

"Ọwọ́ ènìyàn ni mo ti ń gba èbúté," ni ó wí. "N kò gbà á lọ́wọ́ aṣọ rí, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwẹ̀ró, gbé agbọ̀n wá."

Àwẹ̀ró wò ó lójú. Ó gbé agbọ̀n náà wá. Akínlúyì fa ọwọ́ ọmọ náà mọ́ra, ó ń di àkísà mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan.

"Èyí ni bùbá tó wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ tí ará Ìmọ́kùn kan dá mi dùbúlẹ̀ lójú ìyá mi. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí egungun ìhà mi kán ni èyí. Ti ọdún tí mo jẹ́ kí èbúté bọ́ lọ́wọ́ Ìlápó nìyí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé lọ́jọ́ náà nítorí ìtìjú."

Ojú Ṣówándé yí padà. "Wọ́n ti nà yín rí, Bàbá?"

"Wọ́n ti nà mí dáadáa."

"Wọn kò tíì nà mí rí o."

"Mo mọ̀. Ó hàn nínú ẹrù rẹ."

Ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Wàyí o, ọwọ́ Ṣówándé ti dì dáadáa, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì ń dun ara ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akínlúyì ṣubú, ó dìde. Ó tún ṣubú, ó tún rọra dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára, ó sì dúró sójú kan náà. Ọmọ náà kò tíì bá irú èyí pàdé. Gbogbo àwọn tó ti ń nà, bí wọ́n bá ti ṣubú, ó parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wo àwọn ará ìlú rẹ̀ bí ẹni ń béèrè ohun tó kù láti ṣe. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Akínlúyì mọ ojú yẹn. Òun náà ti wò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Ṣówándé fi ìbínú fa ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn pátápátá kí ó lè fi parí rẹ̀, àgbàlagbà náà rántí pé àṣìṣe tí òun ṣe gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí ará Ìmọ́kùn na òun. Kò dúró de ẹ̀ṣẹ́ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo síwájú, ó sì kan ọmọ náà ní ẹ̀ṣẹ́ kúkúrú kan nísàlẹ̀ àyà.

Ṣówándé wó lulẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kò gbé e. Bàbá Agbájé gbé ọwọ́ Akínlúyì sókè, Ìlápó sì hó gèè. Àwẹ̀ró tó ti ń di ojú tẹ́lẹ̀ sọ gèlè rẹ̀ sókè, ó ń pariwo pé, "Ọkọ mi ni! Ọkọ tèmi ni!"

Akínlúyì kò tíì bá wọn yọ̀. Ó fi ìrora bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa ọmọ náà dìde. Dàńṣíkí olówó iyebíye tó wà lọ́rùn Ṣówándé ti ya láti èjìká dé ìdí, ọmọ náà sì fẹ́ bọ́ ọ sọ nù.

"Má jù ú nù," ni Akínlúyì wí. "Gbé e lọ sílé, kí o fọ̀ ọ́, kí o sì tọ́jú rẹ̀. Àkọ́kọ́ nìyẹn."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí iyanrìn. Òun fúnra rẹ̀ ló da aṣọ òfì bo Akínlúyì léjìká. Nígbà tí wọ́n padà dé Òkè-Ìsàn, tí wọ́n ń bi í pé báwo ni arúgbó ṣe na ẹni tí aṣọ rẹ̀ tó tirẹ̀, ó kà á sí iyì láti dá wọn lóhùn. Èsì rẹ̀ ni àwọn àgbà gbà, òun sì ni wọ́n fi ń pòwe títí di òní pé: Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.