Ìdí Tí Ohun Tó Ń Fì Fi Ń Rọra Yí Padà

Nígbà láéláé, nígbà tí àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nínú kọ̀ǹpútà, ìrìn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn mọ̀. Bí wọ́n bá ti gbéra, eré ni. Bí wọ́n bá débi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á ṣẹ́rí padà gbì, eré náà ni. Kò sẹ́ni tó ń rọra.

Láyé ìgbà náà ni Ayàwòrán ya ọmọ Aláǹtakùn kan tó ń jẹ́ Abíọ́nà. Ó fi òwú so ó rọ̀ sí òkè ojú kọ̀ǹpútà. Ìyá rẹ̀ ń gbé igun òsì, bàbá rẹ̀ ń gbé igun ọ̀tún, nítorí àwọn méjèèjì ti jà, wọ́n ti kọra wọn sílẹ̀. Ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ wọn ò gbẹ̀bẹ̀.

Ta ni yóò wá ni ọmọ? Bàbá ní òun ni. Ìyá ní òun ni. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé iwájú Ayàwòrán, wọ́n sì fẹnu kò síbì kan: Abíọ́nà yóò máa fì láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ bàbá, àsìkò tó bá fi lọ náà ni yóò fi bọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbì kankan. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀kùn, kó yí padà ni. Lójú tiwọn, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gbì lọ́tùn-ún, gbì lósì. Òwú ń fà á níbàdí nígbàkúùgbà tó bá yí padà. Ìyá á bu oúnjẹ sílẹ̀, ọmọ kò ní lè tọ́ ọ wò. Ohun kan ṣoṣo ló wù ú láyé: kó jókòó díẹ̀.

Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

"Ó wù mí, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó níbí, bàbá rẹ á ní mo jí ọ gbé. Máa lọ."

Ó bẹ bàbá náà, èsì kan náà ló gbọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì wà níbẹ̀ o, orí ọmọ sì wọ́.

Bó ṣe tún ṣẹ́rí padà lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, òwú já. Abíọ́nà já lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Ìgbà náà ni àwọn òbí rẹ̀ wá mọ ẹkún sun.

Ayàwòrán gbé ọmọ náà, ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, ó fi òwú mìíràn so ó. Inú ń bí i. Ó bi wọ́n pé, "Ta nínú yín ló máa fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún èkejì, kó lè sinmi?"

Ìyá wolẹ̀. Bàbá wòkè.

"Ó dáa," ni Ayàwòrán wí. "Àsìkò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ kò ní yí padà, ẹ̀yin lẹ fẹnu kò sí i. Ohun tí mo lè ṣe kò ju pé kí n dín àsìkò rẹ̀ kù láàárín ọ̀nà, kí n fi kún un lẹ́nu ọ̀nà yín."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Abíọ́nà ń fò láàárín ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bó bá sún mọ́ ilé ìyá rẹ̀, á rọra, á tún rọra sí i. Ìyá á nawọ́, á fọwọ́ kan orí rẹ̀, á rò pé ó ti fẹ́ jókòó. Ọmọ ti tún ń rọra padà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ohunkóhun tó bá ń fì nínú àwòrán kọ̀ǹpútà ti ń sáré láàárín, tó sì ń rọra bó bá fẹ́ yí padà. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà a máa ní ó dùn ún wò. Ẹ̀yin ọmọ, ó dùn ún wò lóòótọ́. Abíọ́nà ò sì tíì jókòó títí dòní.