Ìdí Tí Ojú-Àgbá Fi Ń Kùn Títí Dòní

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń bá ènìyàn jiyàn, Màmá Àwẹ̀ró ní ilé iṣẹ́ òróró ẹ̀pà kan. Àpótí Àṣẹ ni olórí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀. Ara ògiri ni wọ́n gbé e kọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń pàṣẹ bí ọba tí kò ní ìjòyè.

Páǹpù ló ń fa òróró sínú àgbá ńlá. Ojú-Àgbá jókòó sí ẹnu àgbá, ó ń wò ó bóyá ó ti kún. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ohùn rẹ̀ lọ bá Àpótí.

Nígbà náà, Ojú-Àgbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ọ̀gá, ó ti dé ìdajì o! Ọ̀gá, eṣinṣin kan ti kó sí i o!"

Ó sú Àpótí. "Ìwọ Ojú yìí, ṣé ẹnu ni wọ́n fi ṣe ọ́ ni? Bí àgbá bá kún, pariwo. Bí kò bá kún, panu mọ́."

"Bí nǹkan bá ṣe mí ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Wàá dákẹ́ nìyẹn. Ìsinmi ló máa jẹ́ fún mi."

Ojú-Àgbá bá panu mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èkúté kan tí òórùn ẹ̀pà ti pa bí ọtí gun ògiri, ó sì gé wáyà náà jẹ. Kò pẹ́, àgbá kún. Ojú-Àgbá figbe ta: "Ó ti kún o! Ọ̀gá, ó ti kún!" Ibi tí wáyà ti já ni ohùn rẹ̀ parí sí.

Àpótí kò gbọ́ nǹkan kan. "Ó dára," ó ní, "kò tíì kún. Páǹpù, máa fà á lọ."

Òróró ya bo ilẹ̀. Páǹpù ké: "Ọ̀gá, òróró ti mù mí dé ọrùn o!"

"Ṣé ìwọ ni Ojú? Fa òróró, jàre!"

Òróró ń ṣàn lọ síbi ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹ̀pà, iná sì ń jó níbẹ̀ gidigidi. Màmá Àwẹ̀ró rí i, ó figbe bọnu, ó sáré. Àfi yọ̀ọ̀! Ó fìdí lélẹ̀ gbì, ó sì fi ìdí náà yọ̀ títí dé abẹ́ Àpótí.

"Àpótí! Kí ló dé tí o kò dá Páǹpù dúró?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àgbá ni kò tíì kún."

"Kò tíì kún? Kí ni mo wá jókòó sí yìí, omi òjò?"

Ó nawọ́, ó pa súìṣì ńlá. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹ̀pà sáré da iyanrìn dí òróró lọ́nà. Díẹ̀ ló kù kó kan iná.

Màmá tọ wáyà lọ títí ó fi rí ojú ibi tí èkúté gé e sí. Ó so ó pọ̀, ó sì kọjú sí Àpótí. "Ojú pariwo, ìwọ kò gbọ́. O wá ní kò tíì kún."

Ìtìjú mú Àpótí. "Màmá, n kò mọ̀ pé ẹni tí kò rí nǹkan sọ àti ẹni tí wọ́n gé lóhùn, bákan náà ni ìdákẹ́ wọn máa ń rí."

"O ti wá mọ̀. Ojú, láti òní lọ, máa kùn. Bí àgbá bá ṣófo, kùn díẹ̀. Bó bá ń kún, gbé ohùn sókè. Má ṣe dákẹ́ láé."

"Màmá, Ọ̀gá ló ní kí n panu mọ́ o."

"Ọ̀gá ti fi ìdí mi nu ilẹ̀. Àṣẹ rẹ̀ ti tán. Ìwọ Àpótí, bí o kò bá gbọ́ ọ kó máa kùn, má ṣe méfò pé kò tíì kún. Dá Páǹpù dúró, kí o pè mí."

Láti ọjọ́ náà ni ojú àgbá kì í ti í dákẹ́ mọ́, kódà bí àgbá bá gbẹ táútáú. Láti ọjọ́ náà náà ni àpótí tó ń darí ẹ̀rọ ti máa ń tan iná pupa, tí á sì dá gbogbo iṣẹ́ dúró, bí kò bá ti gbọ́ ohùn kan. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa gbá a létí, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á.